Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Earl Cameron àti Atukọ̀ Dúdú Inú Pool of London

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ pe màmá tàbí dádì yín wá jókòó, kí ẹ jọ ka ti òní. Ọ̀rọ̀ sinimá ni. Ó kan odò Thames, ó sì kan Peckham wa níbí ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Sinimá ni àwọn àgbà wa ń pe fíìmù. Oríṣiríṣi sinimá ló wà: ti ẹ̀rín, ti ìjà, ti ìfẹ́. Èyí tí a fẹ́ sọ lónìí ní orúkọ tirẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Faransé kan tó máa ń kọ̀wé nípa sinimá ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ fíìmù tó ń ti Amẹ́ríkà wá ti di fíìmù òru. Òjò ń rọ̀ sójú títì, iná ojú pópó ń tàn bàìbàì, òjìji ènìyàn gùn gbọọrọ lára ògiri. Ọkùnrin kan tí kì í ṣe èèyàn burúkú yóò gba iṣẹ́ kékeré kan tí kò yẹ kó gbà, iṣẹ́ náà yóò sì máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú mọ́ ọn lórí. Wọ́n pe irú rẹ̀ ní film noir. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Faransé ní ilé ìwé ti mọ̀ ọ́n: "noir" ni dúdú. Fíìmù dúdú.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé nínú ọ̀pọ̀ fíìmù dúdú wọ̀nyí, ẹ ó wá ènìyàn dúdú tì. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, alábàárù ni ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tàbí ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ilé ọtí. Á ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà", a ò sì ní rí i mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1950 ni Sidney Poitier ṣe dókítà nínú No Way Out. Ní Ìlú Ọba níbí, ọdún kan péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 1951, ni ilé iṣẹ́ Ealing gbé fíìmù kan jáde tí Basil Dearden darí. Pool of London ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ níbẹ̀ ni Earl Cameron, tó ṣe Johnny Lambert, atukọ̀ ọmọ Jàmáíkà.

"Pool" tí wọ́n sọ yìí kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ o! Apá kan odò Thames ni, láti London Bridge lọ sí ìsàlẹ̀ Tower Bridge, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti máa ń dúró já ẹrù láyé ìgbà náà. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 78 ní Peckham, yóò gbé yín gba orí Tower Bridge. Bí ẹ bá dé àárín afárá, ẹ wo apá òsì. Ẹ ó rí ọkọ̀ ogun HMS Belfast, tó ti wà lójú kan níbẹ̀ láti ọdún 1971. Ibẹ̀ gan-an ni. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù yìí, ọkọ̀ ẹrù ló kún ibẹ̀, ẹ̀rọ ń gbé ẹrù sókè, èéfín ń rú, àwọn alábàárù ń ké. Kò sí ìkankan mọ́ lónìí. Èbúté ńlá Rotherhithe pàápàá ti kógbá sílé ní nǹkan bí ọdún 1970. Apá kan rẹ̀ ni ẹ̀yin mọ̀ sí Surrey Quays, níbi tí ẹ ti ń bá màmá yín lọ ra nǹkan. Bó bá jẹ́ tìtorí àtirí Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́ yìí nìkan, fíìmù náà tó wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí. Ọkọ̀ ẹrù kan tó ń jẹ́ Dunbar gúnlẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn atukọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti lọ gbádùn ara wọn kí ọkọ̀ tó tún ṣí ní ọjọ́ Ajé. Méjì nínú wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́: Dan, òyìnbó, ẹlẹ́nu dídùn, tó máa ń kó ọjà fàyàwọ́ wọlé lábẹ́ ojú àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, àti Johnny, tí kì í bá wọn dá irú rẹ̀. Àwọn ọlọ́ṣà kan bẹ Dan lọ́wẹ̀ pé kó bá wọn gbé ẹrù kékeré kan lọ sí Rotterdam. Dáyámọ́ǹdì ni, wọ́n sì ti pa ọlọ́dẹ kan nítorí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó máa ń tàkìtì lórí ìtàgé, ló fò láti orí òrùlé kan sí òmíràn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àárín ìlú dá páropáro. (Ẹ̀yin ọmọkùnrin yóò fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ má dán an wò.) Nígbà tí ọ̀rọ̀ le, Dan wá gbé ẹrù náà fún Johnny pé kó bá òun mú un wọ ọkọ̀. Kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa fura sí Johnny, nítorí gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́.

Ẹ ronú sí ìyẹn díẹ̀. Ìwà rere Johnny gan-an ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi bo ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀.

Johnny kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo èyí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtàgé kan, ẹ̀ṣọ́ kan fi àwọ̀ ara rẹ̀ bú u, ó lé e bí ẹni lé adìyẹ. Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, Pat, bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, ojú sì ti ọmọbìnrin náà fún ohun tí ẹ̀ṣọ́ yẹn ṣe. Báyìí ni àwọn méjèèjì di ojúlùmọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi wọ́n jọ rìn káàkiri ìlú, wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, wọ́n dé Greenwich. (Bọ́ọ̀sì 177 láti Peckham ni tiwa.) Wọ́n rìn, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò tilẹ̀ fẹnu ko ara wọn lẹ́nu títí fíìmù fi parí, síbẹ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn sinimá ilẹ̀ yìí kà á mọ́ àwọn àkọ́kọ́ tó fi ọkùnrin dúdú àti obìnrin funfun hàn nínú irú ọ̀rọ̀ ọkàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ eré náà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ń lọ láti òwúrọ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wo Earl Cameron níwájú ẹ̀ṣọ́ ilé ìtàgé yẹn. Kò pariwo. Kò na ọwọ́. Ara rẹ̀ dúró, ó rọra ń fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀. Ẹ ó rí ìbínú tó dé, ẹ ó rí i tó ń wo ìbínú náà bíi pé ó ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ ó wá rí i tó gbé e mì. Ẹni tó ti gbé irú rẹ̀ mì rí, tó sì mọ bó ṣe ń korò tó, ló lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣèré yòókù nínú fíìmù náà ń sọ̀rọ̀ kíákíá, wọ́n ń sáré, wọ́n ń pa àwàdà. Bonar Colleano tó ṣe Dan kò lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Cameron ló ń rọra. Nígbà tó bá yá, ẹ ó rí i pé òun ni ojú yín ń wá, àní nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta rèé tí ẹ lè fi sọ ohun tó ń ṣe yìí, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Sùúrù ni kí a má kánjú. Ìfaradà ni kí ara gba ohun tó ń dùn ún, kó má sá. Ìpamọ́ra ni èyí tó bá Johnny mu jù. Ẹ tú u: pa, mọ́, ara. Ẹni náà ní ohun tó lè sọ, ó ní ohun tó lè ṣe, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ sínú ara rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó ń jó o. Ohun tí Earl Cameron ṣe nìyẹn: ó jẹ́ kí a rí iná tí a bò mọ́lẹ̀.

Ní alẹ́ kan ni ìbòrí náà wá ká. Òun àti Pat ti pínyà. Ó mọ̀, àwa náà mọ̀, pé ayé tí wọ́n wà kò ní gbà wọ́n láàyè. Johnny wọ ilé ọtí burúkú kan lọ, ó mu, ó tún mu. Àwọn ẹni ẹlẹ́ni kóra jọ yí i ká, wọ́n jí owó rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ síta. Ọkùnrin tó ti ń rìn tìṣọ́ratìṣọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ wá ti di ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ohùn rẹ̀ yí padà, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a gbà á láàyè kó má jẹ́ ọmọ dáadáa, mo sì rò pé ibẹ̀ ló ti dára jù nínú gbogbo fíìmù náà.

Èmi ní ẹjọ́ kan láti bá àwọn tó kọ ìtàn yìí rò. Wọ́n fi Johnny ṣe ẹni mímọ́ jù. Dan lè purọ́, ó lè ṣe fàyàwọ́, ó lè tan ọ̀rẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ a ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ìparí, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti lé ara wọn wọ ọ̀nà abẹ́ odò Rotherhithe, òun ló wá fi ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kí wọ́n má bàa fi ẹ̀sùn kan Johnny. Ó dára, ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in: ìrònúpìwàdà di ti Dan, Johnny sì ni ìyà kù fún. Johnny gbọ́dọ̀ jẹ́ aláìlẹ́ṣẹ̀ kí àwọn tó ń wo sinimá ní 1951 tó lè ṣàánú rẹ̀. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò sí fún òyìnbó nínú fíìmù yẹn. Cameron mọ ìhà tí wọ́n tì í sí, ó sì wá ọ̀nà láti fi ojú rẹ̀ sọ ohun tí ìwé eré kò kọ fún un.

Kí ló dé tí atukọ̀ dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù fi ní láti máa ṣọ́ra báyẹn? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ sinimá nìkan. Àwọn ọmọ Áfíríkà, ti Caribbean, ti Yemen àti ti Íńdíà ti ń wa ọkọ̀ ojú omi Ìlú Ọba tipẹ́tipẹ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń san owó tó kéré fún wọn ju ti òyìnbó tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ. Ní ọdún 1925 ìjọba ṣe òfin kan pé kí àwọn atukọ̀ aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ àjèjì lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Òfin náà sọ pé àjèjì, ṣùgbọ́n wọ́n fi mú àwọn ọmọ abẹ́ ìjọba Ìlú Ọba náà, pàápàá ní Cardiff, bí wọn kò bá ti ní ìwé ìrìnnà lọ́wọ́.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ yìí, Peckham ló ń gbé. Orúkọ rẹ̀ ni Dókítà Harold Moody, ọmọ Jàmáíkà tó wá kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1904. Nígbà tó ṣe tán, wọn ò fún un níṣẹ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó bá ṣí ilé ìtọ́jú tirẹ̀ ní Peckham ní 1913. Ní 1931 ó dá League of Coloured Peoples sílẹ̀, ẹgbẹ́ yìí ló sì lọ ṣèwádìí ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ Cardiff ní 1935. Ilé rẹ̀ wà ní nọ́ńbà 164, Queen's Road. Àmì aláwọ̀ búlúù wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ lọ sí ilé ìwé. Ọdún 1947 ni Moody kú, ọdún mẹ́rin ṣáájú Pool of London. Kò rí Johnny lójú sinimá, ṣùgbọ́n ó ti rí irú Johnny púpọ̀ lójú ayé.

Earl Cameron pàápàá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Erékùṣù Bermuda ni wọ́n ti bí i ní 1917. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ogun bẹ́ sílẹ̀, ó há síbí. Ó fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ. Nígbà ogun náà ni ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣeré nínú Chu Chin Chow ní ilé ìtàgé; òṣèré kan kò wá, ni wọ́n bá fi Cameron dí àlàfo rẹ̀. Bó ṣe di òṣèré nìyẹn! Lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ ìlò ohùn lọ́dọ̀ Amanda Aldridge, ọmọ Ira Aldridge, òṣèré dúdú ńlá ti ayé Ọbabìnrin Victoria. Nítorí náà, nígbà tó ń ṣe Johnny, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un bó ṣe ń rí láti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ sí ìlú tí a kò mọ ẹnì kankan.

Ẹ ó rò pé lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí, àwọn olóko sinimá yóò máa sáré tẹ̀ lé e. Rárá o. Ó rí iṣẹ́, ó rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ ipò ńlá bíi ti Johnny ṣọ̀wọ́n. Ó wà nínú Thunderball ti James Bond ní 1965, ó wà nínú The Interpreter ní 2005, ó sì wà nínú Inception ní 2010, nígbà tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n fún un ní oyè CBE ní 2009. Ní oṣù Keje 2020 ó kú ní ẹni ọdún 102. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, John Boyega, ọmọ Yorùbá tí a tọ́ ní Peckham níbí, tó sì kọ́ eré ní Theatre Peckham, sọ fún ìwé ìròyìn GQ pé nínú Star Wars, wọ́n fi àwọn òṣèré dúdú polówó ọjà bíi pé àwọn ni pàtàkì, wọ́n sì tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó yá. Mi ò mọ̀ bóyá ó rántí Cameron nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi rántí rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí yóò wá bi mí pé: nínú gbogbo èyí, Yorùbá dà? Ẹ fara balẹ̀, mo ti pa á mọ́ de ìparí. Ọmọ Èkó kan wà nínú iṣẹ́ yìí ṣáájú Cameron. Orlando Martins ni. Wọ́n bí i ní Èkó ní 1899. Martins jẹ́ orúkọ àwọn Àgùdà wa, àwọn tó ti Brazil padà wálé. Atukọ̀ lòun náà, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ogun, kò sì sí iṣẹ́ tí kò ṣe: alábàárù ní ọjà ẹja Billingsgate, oníjàkadì, ẹni tó ń fi ejò ṣeré nínú sákọ́ọ̀sì. Ní 1936 ó bá Paul Robeson ṣeré lórí ìtàgé nínú Toussaint Louverture tí C. L. R. James kọ. Ní 1949 ó wà nínú The Hasty Heart pẹ̀lú Ronald Reagan, ẹni tó wá di Ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọkùnrin gíga, oníwà pẹ̀lẹ́, olóhùn bí ìlù. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń fún un ṣe: adáhunṣe, olórí abúlé, ìránṣẹ́. Nígbà tó yá, ó padà sí Èkó, ó ṣeré nínú Kongi's Harvest pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká ní 1970, ó sì kú ní 1985.

Òun àti Cameron jọ wà nínú fíìmù mìíràn tí Dearden darí, Sapphire, ti ọdún 1959. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni rògbòdìyàn Notting Hill ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1959 gan-an ni wọ́n pa Kelso Cochrane, ọmọ Antigua, lójú pópó níbẹ̀. Nínú fíìmù náà wọ́n rí òkú ọmọbìnrin kan ní Hampstead Heath. Funfun ni gbogbo ènìyàn kà á sí, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi wọlé sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá, tó sì jẹ́ ènìyàn dúdú. Dókítà ni ẹ̀gbọ́n yìí, Cameron ló sì ṣe é. Àwọ̀ mèremère ni fíìmù yìí, kì í ṣe dúdú àti funfun bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ dá wo méjèèjì ná kí ẹ tó jẹ́ kí àwọn kékeré wò ó, nítorí èébú tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀, tí ọlọ́pàá bá dé ilé ijó tí wọ́n ń pè ní Tulip's nínú Sapphire, ẹ má wo àwọn tó ń jó. Ẹ wá ẹni tó ń ta ọtí. Kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn ò kọ púpọ̀ fún un. Ọmọ Èkó nìyẹn.